Ọmọ Ajá Tó Ń Jẹ Bàtà, Tó Ń Lé Ológbò: Kí Ni Ìdílé Mùsùlùmí Lè Ṣe?



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Ajá àti ológbò! Ṣùgbọ́n ìdílé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọmọ ajá wọlé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. Wọ́n jí fún ìrun àsùbáà, wọ́n bá bàtà bàbá ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ìyá ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́, ológbò sáré kọjá lẹ́bàá ààrò, ọmọ ajá gbá tẹ̀lé e, ìkòkò dànù. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó dúró láàárín àwọn méjèèjì ni èékánná ológbò wá bà lójú. Bí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá á ní, "Ẹ gbé ajá yìí lọ sọ́jà, kí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ilé kan, tó di ti ìlera gbogbo ìlú. Ọmọ ajá tí a jù sígboro kò ní olówó tí yóò gbà á fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò ní ẹni tí yóò bọ́ ọ. Ààtàn ni yóò ti máa jẹun, yóò máa bá ajá ìgboro jà, yóò sì máa bí ọmọ síbẹ̀. Láàárín irú àwọn ajá bẹ́ẹ̀ ni àrùn dìgbòlugi ti ń tàn kálẹ̀, àwọn ọmọ wa tó ń rìn lọ síléèwé àti sílé kéwú sì ni wọ́n máa ń bù jẹ. Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ kí gbogbo ilé mú lọ nínú ọ̀rọ̀ òní kò ju èyí lọ: jíjẹ nǹkan àti lílé ológbò jẹ́ ìwà èwe lára ọmọ ajá. Ó ṣeé kọ́, ó ṣeé darí, bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti mú ẹran ọ̀sìn wọlé, àmáánà ni ẹran náà jẹ́ lọ́rùn rẹ̀.

Ìdí tí àwọn méjèèjì fi wà nínú ọgbà kan

Ní Isundunrin àti káàkiri agbègbè Èjìgbò, iṣẹ́ ló mú ajá àti ológbò wá sílé wa. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń ṣe. Àgbàdo wà lórí àjà, gàrí àti èlùbọ́ wà nínú àpò, eku sì mọ ibi tí wọ́n wà. Àwọn àgbà ní bí ológbò bá kúrò nílé, ilé á di ilé eku. Eku kì í sì í ba oúnjẹ jẹ́ nìkan, ó ń mú àrùn wá. Ibà Lassa, tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno lọ́dún 1969, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni ó máa ń gbà dé ara oúnjẹ àti ohun èlò wa.

Ajá náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ń bá àgbẹ̀ lọ sóko, ó ń bá ọdẹ wọgbó, ó sì ń ṣọ́ ilé lóru. Gbogbo wa la mọ̀ bí àwọn ará wa ní agbègbè yìí ṣe pọ̀ tó ní Abidjan àti àwọn ìlú mìíràn ní Côte d'Ivoire. Wọ́n ń kọ́ ilé sílé, wọ́n sì ń padà síbi iṣẹ́ wọn. Níbi tó bá jẹ́ pé bàbá àgbà, ìyá àgbà àti àwọn ọmọ kéékèèké nìkan ló kù nínú ọgbà ńlá, kì í yani lẹ́nu pé wọ́n wá ọmọ ajá tí yóò máa gbó bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn. Báyìí ni ọmọ ajá tuntun ṣe ń bá ológbò àtijọ́ nílé.

Ohun tí ẹ̀sìn wa sọ

Àwọn kan rò pé Ìsìláàmù kórìíra ajá pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fi yé wa pé ẹni tó bá ń sin ajá láìnídìí, láádá rẹ̀ ń dín kù lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) yọ ajá ọdẹ, ajá oko àti ajá tó ń da ẹran ọ̀sìn sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì fi ìṣọ́ ilé wé àwọn wọ̀nyí. Nínú Sura al-Maa'ida, ẹsẹ 4, Ọlọ́hun ṣe ẹran tí ajá ọdẹ bá mú wá ní ẹ̀tọ́ fún wa, bí a bá ti kọ́ ajá náà níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i dáadáa: ajá tí a kọ́ ni. Kíkọ́ ajá kì í ṣe àṣà àwọn òyìnbó tí a ń sín jẹ. Ó wà nínú Alùkùránì.

Nínú Sura al-Kahf, ẹsẹ 18, a tún rí ajá àwọn ará inú ihò àpáta, tó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú lẹ́nu àbáwọlé. Ẹnu àbáwọlé ni ó wà. Èyí bá hádíìsì mìíràn mu, tó sọ pé àwọn màláíkà kì í wọ ilé tí ajá bá wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìta ni kí ilé ajá wà, nínú ọgbà, lábẹ́ ìbòòji, níbi tí òjò kò ti ní pa á. Kò yẹ kó máa sùn nínú yàrá tàbí lórí ẹní ìkírun.

Ní ti ológbò, ọ̀tọ̀ ni ìdájọ́ tirẹ̀. Ìtàn Abu Qatada wà nínú Muwatta Imam Malik àti nínú àkójọ Abu Dawud àti Tirmidhi. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń bu omi àlùwàlá fún un, ológbò kan wá, Abu Qatada sì tẹ igbá omi náà kí ológbò lè mu. Nígbà tó rí i pé ẹnu ya obìnrin náà, ó sọ fún un pé Ànábì ti fi yé wọn pé ológbò kì í ṣe ẹ̀gbin, nítorí ara àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wa nínú ilé ni.

Kò tán síbẹ̀ o. Nínú Bukhari àti Muslim, a gbọ́ nípa obìnrin tó di èrò iná nítorí ológbò tó dè mọ́lẹ̀ títí ebi fi pa á kú. A sì gbọ́ nípa ẹni tó rí àforíjìn Ọlọ́hun nítorí pé ó fa omi nínú kànga fún ajá tí òǹgbẹ fẹ́ pa. Ẹ̀tọ́ àwọn méjèèjì wà lọ́rùn wa.

Kí ló dé tí ọmọ ajá fi ń jẹ gbogbo nǹkan?

Ọmọ ajá kò ní ọwọ́. Ẹnu ló fi ń yẹ nǹkan wò, bí ọmọ ọwọ́ wa náà ṣe ń kó gbogbo ohun tó bá rí sẹ́nu. Èyí ni ìdí kìíní.

Ìdí kejì ni eyín. Ọmọ ajá a máa hu eyín èwe 28. Láti bí oṣù kẹta sí ìkẹrin ni wọ́n ti ń yọ, tí eyín àgbà 42 á sì máa hù rọ́pò wọn. Nígbà tó bá fi máa pé bí oṣù méje, wọ́n ti hù tán. Ní gbogbo àsìkò yìí, èrìgì ń yún un, ó sì ń dùn ún. Ohun líle tó bá rí ni yóò fi nu ara rẹ̀.

Ìdí kẹta ni pé a máa ń gba ọmọ ajá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láìtọ́jọ́. Ọmọ ajá kò yẹ kó kúrò lábẹ́ ìyá kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Bí ó bá ń bá àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ṣeré, tó bá bu ọ̀kan jẹ ju bó ṣe yẹ, èyí yóò ké, yóò sì pa eré tì. Ibẹ̀ ló ti ń mọ bí a ti ń dẹ ẹnu. Èyí tí a bá já gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún kò rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́, ọwọ́ àwọn ọmọ wa ni yóò wá fi kọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọmọ ajá, ẹ béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ìdí kẹrin ni àárẹ̀ àti àìríṣe. Ọmọ ajá ń sùn tó wákàtí 18 lójúmọ́. Bí àwọn ọmọ kò bá jẹ́ kó sùn, ìbínú ni yóò máa fi bu nǹkan jẹ. Bí ó bá sì wà lórí ìso láti àárọ̀ dalẹ́ láìrìn, láìṣeré, jíjẹ nǹkan nìkan ni eré tó kù fún un.

Ohun tí a lè ṣe

Àkọ́kọ́, ẹ kó nǹkan kúrò ní ọ̀nà rẹ̀. Ilé Mùsùlùmí ni ilé wa, ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wa ń bọ́ bàtà sí, ti àlejò pẹ̀lú. Ẹ kan pákó kan mọ́ ògiri níbi tó ga, kí bàtà máa gun orí rẹ̀. Ẹ ká ẹní ìkírun nílẹ̀ bí a bá ti kírun tán, kí ẹ sì fi tẹ̀sùbáà kọ́ sókè. Kẹ́tùlù àlùwàlá náà kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ níbi tí ẹnu rẹ̀ ti lè dé.

Àwọn nǹkan kan wà tó lè pa á. Wáyà iná àti ṣájà fóònù wà lára wọn. Òògùn eku àti òtàpìàpìà wà lára wọn, ológbò pàápàá lè kú bó bá jẹ eku tó ti jẹ májèlé. Ní agbègbè wa tí a ti ń gbin gbágùúdá, ẹ má ṣe jẹ́ kó máa rún gbágùúdá tútù tàbí èèpo rẹ̀, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀ kí a tó ṣe é dáadáa. Eegun adìyẹ tí a ti sè a máa fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún un lọ́fun tàbí nínú ìfun.

Èkejì, ẹ fún un ní ohun tirẹ̀. Ẹ mú jíǹsì àtijọ́ tí kò ní bọ́tìnnì, ẹ ya á, kí ẹ ta á ní kókó ńlá mẹ́ta. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù, kí ẹ fún un gbẹ, kí ẹ wá fún ajá. Òtútù rẹ̀ ń tu èrìgì lára. Okùn nínípọn tí a ta ní kókó dára, kárọ́ọ̀tì tútù tó tóbi náà dára. Ẹ máa wò ó bó bá ń jẹ ẹ́. Ẹ má ṣe fún un ní bàtà àtijọ́ o! Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín bàtà tí a ti pa tì àti èyí tí bàbá rà fún ọdún Iléyá.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá ti gbé ohun tí kò yẹ, ẹ má lé e. Bí ẹ bá sáré tẹ̀ lé e, eré ló máa pè é, yóò sì tún gbé òmíràn lọ́la kí ẹ lè wá lé e. Ẹ pè é jẹ́ẹ́jẹ́, kí ẹ fi ẹja gbígbẹ díẹ̀ tàbí ohun tó fẹ́ràn pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá ti tu ohun náà sílẹ̀, ẹ sọ pé, "Fi í sílẹ̀," kí ẹ fún un ní ẹja, kí ẹ sì gbé kókó jíǹsì rẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí gbogbo ilé máa lò. Bí bàbá bá ń sọ pé "Fi í sílẹ̀," tí ìyá ń sọ pé "Gbé e jù," tí àwọn ọmọ ń sọ òmíràn, ajá kò ní mọ èwo ni yóò gbọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má nà án. Ọmọ ajá tí a nà nítorí bàtà tó ti jẹ láti àárọ̀ kò mọ̀ pé bàtà ni a torí rẹ̀ nà án. Ohun tó mọ̀ ni pé ọwọ́ ènìyàn ń dunni. Lọ́la, bí ọmọdé bá na ọwọ́ sí i, ó lè bù ú jẹ nítorí ẹ̀rù. Ẹ rántí pẹ̀lú pé Ànábì kọ̀ fún wa láti máa lu ẹranko lójú. Ìgbà tó bá ṣe dáadáa ni kí a yìn ín, ojú ẹsẹ̀ ni kí a sì yìn ín.

Ìdí tó fi ń lé ológbò

Ohun tó bá ń sá ni ajá ń lé. Ọlọ́hun ló dá a bẹ́ẹ̀, ìwà yìí náà ni ọdẹ sì ń fi í wúlò nínú igbó. Ológbò ní tirẹ̀, bí ohun kan bá kọjú sí i, sísá ló mọ̀. Bó bá ti sá, ajá á lé. Bí ajá bá ti lé, ológbò á tún sá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ó ti di eré fún ọmọ ajá, kò sì ní fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré fún ológbò. Ológbò tí a ń lé lójoojúmọ́ kì í jẹun dáadáa, ó ń yàgbẹ́ síbi tí kò yẹ, nígbà tó bá yá á kúrò nílé, eku á sì padà. Bó bá sì há mọ́ kọ̀rọ̀, yóò yí padà, èékánná rẹ̀ sì lè fọ́ ojú ọmọ ajá. Nítorí náà, ohun tí a ń wá ni pé kí ajá má lé e ní ìgbà àkọ́kọ́ rárá. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta títí dé bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 14 ni ọmọ ajá máa ń tètè gba ohun tó bá rí ní ayé rẹ̀ bí ohun tí kò ṣàjèjì. Ológbò tó bá bá a gbé ní àsìkò yìí pẹ̀lú àlàáfíà, ó ṣeé ṣe kó kà á mọ́ ará ilé títí ayé.

Bí a ṣe lè mú wọn mọ ara wọn

Kí a tó gbé ọmọ ajá wọlé, ẹ wá ibi gíga fún ológbò: orí àjà, orí pákó tí a kàn mọ́ ògiri, tàbí fèrèsé tí ajá kò lè dé. Orí ibẹ̀ ni kí oúnjẹ àti omi ológbò wà. Ẹ tún jẹ́ kó ní yàrá kan tó lè gbà sá wọlé, tí pákó ìdènà kékeré wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ológbò lè fò ó ṣùgbọ́n kí ọmọ ajá má lè kọjá.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn. Òórùn ni kí wọ́n fi kọ́kọ́ mọ ara wọn. Ẹ fi àkísà kan nu ara ológbò, kí ẹ gbé e síbi tí ọmọ ajá ń sùn. Ẹ fi òmíràn nu ara ajá, kí ẹ gbé e sí ìtòsí oúnjẹ ológbò. Ẹ máa fún àwọn méjèèjì lóúnjẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan náà, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, kí òórùn èkejì lè bá ohun dídùn wá sí imú wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi okùn sí ọmọ ajá lọ́rùn nígbà tó bá ti jẹun, tó ti ṣeré, tí ara rẹ̀ ti rọlẹ̀. Àgbàlagbà ni kó di okùn náà mú. Ẹ fi ológbò sílẹ̀ láti lọ síbi tó bá wù ú. Ẹ má gbé e sọ́wọ́ láti fi han ajá, nítorí ẹni tó gbé e ni yóò ha lára. Bí ọmọ ajá bá wo ológbò, tó sì tún yíjú padà wo yín, ẹ fún un ní ẹja díẹ̀. Bó bá tẹjú mọ́ ológbò tí gbogbo ara rẹ̀ le gbagidi, tàbí tó ń fa okùn, ẹ má pariwo, ẹ rọra mú un jìnnà sí i títí ara rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí ológbò bá di etí rẹ̀ mọ́ orí, tí irun ìrù rẹ̀ dìde, tó sì ń sín, ó ń sọ pé ó tó. Ẹ dá a dúró nígbà náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lè jẹ́ kí ajá máa wọ́ okùn náà nílẹ̀, kí ẹ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bó bá fẹ́ sáré. Àwọn ọdẹ wa máa ń so ṣaworo mọ́ ajá lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tó wà nínú igbó. Ó wúlò nínú ilé náà: bí ológbò bá gbọ́ ṣaworo, yóò ti mọ̀ pé ajá ń bọ̀, yóò sì rìn kúrò dípò kó ta sá. Títí ajá yóò fi dàgbà tó sì fọkàn balẹ̀, ẹ má fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ láìsí àgbàlagbà nítòsí. Bí ilé bá dá, kí ajá wà ní ilé tirẹ̀, kí ológbò wà ní tirẹ̀.

Òótọ́ ni pé àwọn ajá kan wà tí ìwà ọdẹ lágbára lára wọn, tí wọn kò ní jáwọ́ láéláé. Irú ìyẹn, ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá, tàbí kí ẹ wá ọdẹ tàbí àgbẹ̀ tí kò ní ológbò, tí yóò gbà á tọkàntọkàn. Fífún ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ yàtọ̀ sí jíjù ú sọ́jà.

Ẹ má dẹ ajá sí ológbò

A ní láti bá àwọn ọmọ wa sọ èyí. Àwọn ọmọkùnrin a máa fẹ́ràn láti dẹ ajá sí ológbò, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Nínú àkójọ Abu Dawud àti Tirmidhi, a rí i pé Ànábì kọ̀ fún ènìyàn láti máa ti ẹranko sí ara wọn kí wọ́n máa jà. Ajá tí ọmọ kan bá kọ́ láti lé ológbò lónìí, adìyẹ aládùúgbò ni yóò lé lọ́la, ọmọdé tó ń sáré nínú ọgbà ni yóò sì lé lọ́tunla. Ọmọ tó bá fi ìyà ẹranko ṣe ẹ̀rín náà ti ń kọ́ ohun mìíràn tí kò dára.

Dípò èyí, ẹ fún wọn níṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè máa bu omi fún ológbò, ó lè máa kọ́ ọmọ ajá ní "Jókòó" àti "Wá" lójú àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, ẹ má fi òun àti ọmọ ajá nìkan sílẹ̀.

Ìmọ́tótó

Bí ọmọ ajá bá ti ẹnu bọ abọ́ tí a fi ń jẹun tàbí tí a fi ń mu omi, ẹ da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, kí ẹ fọ abọ́ náà lẹ́ẹ̀meje, kí a fi erùpẹ̀ kún ọ̀kan nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí hádíìsì Abu Huraira tó wà nínú Sahih Muslim ti fi kọ́ wa. Nítorí náà, kí ajá ní abọ́ tirẹ̀, kí a má sì fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ti ilé.

Ní ti aṣọ àti ẹní ìkírun tí itọ́ ajá kàn, àwọn onímọ̀ yapa. Ní mazhab Imam Malik, tí ọ̀pọ̀ àlùfáà ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé, ajá tó wà láàyè kì í ṣe ẹ̀gbin fúnra rẹ̀. Ní ti Imam Shafi'i, ẹ̀gbin ni. Ẹ bi àlùfáà yín. Ní ti ìlera, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ọkàn yín lè balẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kírun.

Ẹ máa gbá ìgbẹ́ ajá lójoojúmọ́, kí ẹ sin ín, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Aràn inú ọmọ ajá lè wọ ara ọmọdé tó ń fi ilẹ̀ ṣeré. Nítorí náà, ó yẹ kí dókítà ẹranko fún ọmọ ajá àti ológbò ní oògùn aràn lóòrèkóòrè. Ológbò kì í ṣe ẹ̀gbin, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbin. Kí aláboyún má fi ọwọ́ kàn án, nítorí kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tó lè pa ọmọ inú lára.

Bí eyín tàbí èékánná bá ti dá egbò sí ènìyàn lára

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀ ni kí a má baà dé ibí yìí. Nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé dìgbòlugi ń pa lọ́dún ní àgbáyé, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ní Áfíríkà àti Éṣíà. Ajá ló ń kó o ran ènìyàn nínú nǹkan bí 99 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ajá tí a fura sí ń bù jẹ sì jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15. Ológbò tí ajá dìgbòlugi bá bù jẹ náà lè kó o. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1885, nígbà tí Louis Pasteur fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, a ti mọ̀ pé a lè dènà rẹ̀ bí a bá tètè gbé ìgbésẹ̀.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ má fi ata sí i, ẹ má fi epo pupa tàbí irun ajá dí i. Ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́, kódà bí egbò náà bá kéré. Ẹ má pa ajá náà. Bó bá ṣeé ṣe láìléwu, ẹ so ó mọ́lẹ̀, kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ má sì dúró de ọjọ́ mẹ́wàá náà kí ẹ tó gba abẹ́rẹ́.

Ọmọ ajá tó bá ti pé oṣù mẹ́ta ti tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, kó tún gbà á lẹ́yìn ọdún kan, kó sì máa gbà á bí dókítà bá ti là á sílẹ̀. Kí ológbò náà gbà á. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn àti ẹran ọ̀sìn ní ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò nípa ibi tí ẹ ti lè rí dókítà ẹranko. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni ọjọ́ tí gbogbo ayé fi ń ṣe ìrántí ìjà pẹ̀lú àrùn yìí lọ́dọọdún. Ó dára kí ẹgbẹ́ wa ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan lo ọjọ́ náà láti kó àwọn ajá àti ológbò jọ fún abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin òbí wa, oṣù méje kò pẹ́ títí. Bí eyín àgbà bá ti hù tán, tí a kò sì dẹwọ́ ẹ̀kọ́, bàtà á máa wà níbi tí a fi í sí, ológbò á máa ṣọ́ àjà, ajá á máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kí ó tó dìgbà náà, ẹ ṣe sùúrù fún un bí ẹ ti ń ṣe fún ọmọ tó ń hu eyín lọ́wọ́. Kí Ọlọ́hun fi àánú Rẹ̀ kẹ́ àwa tí a bá ń ṣàánú ẹ̀dá Rẹ̀, kó dáàbò bo àwọn ọmọ wa, kó sì jẹ́ kí ilé wa mọ́ fún ìjọsìn Rẹ̀. Àmín.